Ẹ bá wa wọn ìtọ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí HEFAMAA lórí iṣẹ́ abẹ àwọn tó sanra

Ẹ̀yin ọ̀gá mi ní HEFAMAA,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, inú tíátà ni mo sì ti lo 23 nínú rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé, mi ò bá ilé ìwòsàn kankan ṣọ̀tá, mi ò sì bá ọ̀kankan polówó. Ẹ̀yin ni òfin ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2006 gbé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn lé lọ́wọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí yín, dípò kí n máa rò ó fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún 47, kílò 128. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti ń pè é ní orobo, òun fúnra rẹ̀ a sì tètè fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí dókítà tún sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú, yẹ̀yẹ́ parí. Kò sí tíì amúnirù tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà tí kò tíì mu. Lọ́dún tó kọjá ló wá bá mi pé òun ti pinnu, òun fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kéré, èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve. Mi ò bá a jiyàn. Mo mọ iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń mú ìtọ̀ ṣúgà rọlẹ̀, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, tó bá sì pẹ́, kídìnrín náà a máa jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ pé mo ní ká má ṣe é.

Ilé ìwòsàn tó yàn wà ní òdìkejì omi, ní apá Erékùṣù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí àwòrán kan lórí Instagram pé àwọn kì í fi gáàsì kun ènìyàn lóorun, dírípù nìkan ni àwọn ń lò, nítorí náà kí ọkàn oníbàárà àwọn balẹ̀ lórí kídìnrín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí i pé mo ṣe ìwádìí." Ẹnu mi wọhò. Ó ti ṣe ìwádìí lóòótọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n dá fún un. Wọ́n ní láti aago mẹ́jọ alẹ́ tó ṣáájú kó má jẹ, kó má mu, omi pàápàá kó má kan ẹnu. Òfin àtijọ́ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà akunilóorun káàkiri àgbáyé ti gbà pé aláìsàn tí kò ní ìdíwọ́ mìíràn lè mu omi lásán títí di wákàtí méjì ṣáájú oorun. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un. Ó jí ní aago mẹ́fà, ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bó ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, lisinopril kan àti èkejì tó máa ń mú un tọ̀ dáadáa, ó fi ìwọ̀nba omi gbé e mì. Kò sẹ́ni tó ní kó dá a dúró. Kí aago méje tó lù ó ti jókòó síbẹ̀. Tánkà kan bá dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ mọ Èkó, dókítà akunilóorun há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, nígbà tó sì fi dé, wọ́n ti ẹlòmíì wọlé ṣáájú. Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó ti àbúrò mi wọ tíátà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba omi yẹn, wákàtí 18 láìmu omi, nínú ara tó ti gbé oògùn tó ń fa omi jáde mì. Mi ò tíì dárúkọ oògùn oorun kankan o. Òùngbẹ ti ń gbẹ kídìnrín rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba Third Mainland kọjá kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ẹ foríjì mí, nọ́ọ̀sì tíátà kì í wo ojú aláìsàn kó tó wo àpò ìtọ̀ tó so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú bí tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Mo wo ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìtọ̀ sílẹ̀. "Ó tọ̀" ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí iye. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn tú àpò náà ní aago méjìlá òru. Aago mẹ́fà ló ń lọ báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà á: mílílítà 90.

Ẹ bá mi ṣírò. Ìlànà tí àwọn dókítà kídìnrín àgbáyé fi ẹnu kò sí ní 2012, tí wọ́n ń pè ní KDIGO, sọ pé bí ìtọ̀ ènìyàn bá wálẹ̀ ju ìdajì mílílítà lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, kídìnrín ti fara gba nǹkan. Fún kílò 128, mílílítà 64 ni ó yẹ kó máa jáde ní wákàtí kan. Àwọn dókítà a máa jiyàn pé ìwọ̀n ara tó bá gíga ẹni mu ni ó yẹ ká lò fún ẹni tó sanra, kì í ṣe gbogbo ọ̀rá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi kílò 60 ṣe é: 30 ni. Àbúrò mi ń tọ 15. Ọ̀nà èyíkéyìí tí ẹ bá gbà ṣírò, kò dé ibẹ̀.

Mo tún rí i pé diclofenac, oògùn ìrora tó lè pa kídìnrín tí kò rómi lára, ni wọ́n ń gún un, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo bi ọmọbìnrin náà pé ṣé ó ti sọ fún dókítà. Ọmọ dáadáa ni, ó rẹ̀ ẹ́, òun nìkan ló wà pẹ̀lú aláìsàn mẹ́sàn-án. Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má mikàn, ó máa tọ̀. Dírípù ni wọ́n fi sùn ún, wọn ò lo gáàsì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa kọ lẹ́tà yìí sí yín. Ìpolówó ti di ìmọ̀ iṣẹ́. Ọmọ tó ń ṣọ́ aláìsàn gbà á gbọ́ débi pé kò rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀ kó máa lọ sílé ní ọjọ́ kejì yẹn. Mo ní kò ní lọ. Creatinine rẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ sí i bí kídìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, jẹ́ 0.9 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mo ti bá wọn fà á títí ohùn mi fi há, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀: 2.4. KDIGO ní tó bá fi 0.3 péré lé sí i láàárín wákàtí 48, ó ti tó láti figbe ta. Dókítà kídìnrín dé, wọ́n dá diclofenac dúró, wọ́n dá lisinopril dúró, wọ́n fún un ní omi tó yẹ. Ọlọ́run ṣe é, kò dé orí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 11 ló gbà kó tó sọ̀kalẹ̀ sí 1.1. Ká ní ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ilé ni ìbá ti wà, á máa fi ṣíbí mu omi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àpòlúkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nínú ooru, pẹ̀lú diclofenac nínú báàgì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa oorun náà, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé arúgbó nọ́ọ̀sì kan ń bínú lásán.

Gáàsì méjì ló wà nínú tíátà yẹn, ibẹ̀ ni ìpolówó wọn ti kọ́kọ́ rú mi lójú. Ọ̀kan ni èyí tí aláìsàn ń mí sínú kó lè sùn: sevoflurane, isoflurane, desflurane. Èkejì ni carbon dioxide tí wọ́n ń fẹ́ sínú ikùn kó lè wú bíi bàlúùnù, kí dókítà lè ríran láti inú ihò kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú oorun. Kò sí bí wọ́n ṣe máa fi ihò kékeré ṣe sleeve láìlò ó. Bó bá ti wú ikùn dé nǹkan bíi 12 sí 15 lórí òṣùwọ̀n, á tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kídìnrín, ìtọ̀ á sì dín kù fúngbà díẹ̀, yálà gáàsì ló kun aláìsàn lóorun tàbí dírípù. Nítorí náà ilé ìwòsàn tó ní àwọn kì í lo gáàsì ti lo èkejì rẹ̀, èyí tó kan kídìnrín gbọ̀ngbọ̀n. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ ìpolówó náà má mọ̀. Dókítà tó ń sanwó fún un mọ̀.

Ẹ̀rù gáàsì oorun ò sì ṣàdédé wá. Gáàsì kan wà nígbà kan tí wọ́n ń pè ní methoxyflurane, ó gbayì gan-an ní àwọn ọdún 1960. Bó ṣe ń yọ́ nínú ara, ó ń tú fluoride sílẹ̀, fluoride sì ń ba kídìnrín jẹ́. Wọ́n pa á tì gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun ní àwọn ọdún 1970. (Ní Ọsirélíà, wọ́n ṣì ń fún ẹni tó ṣèṣe ní ìwọ̀nba rẹ̀ fún ìrora nínú ọkọ̀ pàjáwìrì.) Nígbà tí sevoflurane dé, wọ́n tún rí i pé bó bá gba inú èròjà tó ń fa afẹ́fẹ́ burúkú mọ́ra nínú ẹ̀rọ, ohun kan máa ń jáde tí wọ́n sọ ní compound A. Ó ba kídìnrín eku jẹ́. Láti ìgbà náà, àìmọye ènìyàn ni wọ́n ti fi sevoflurane kùn lóorun, kò sì sí ẹ̀rí pé compound A ṣe wọ́n bó ṣe ṣe eku. Ọ̀rọ̀ eku ni wọ́n sọ di ìpolówó fún ènìyàn.

Propofol ni dírípù tí wọ́n ń sọ. Ó funfun bíi mílíìkì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: aláìsàn tí wọ́n fi í sùn máa ń jí pẹ̀lú ojú tó dá, èébì kì í sì í dà á láàmú tó ti ẹni tó mí gáàsì sínú, ohun ńlá ni ìyẹn fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gán àpòlúkù rẹ̀. Ìwádìí kan sì wà tó gbè é lẹ́yìn nípa kídìnrín. Lọ́dún 2014, àwọn dókítà ní Gúúsù Kòríà pín aláìsàn 112 sí ọ̀nà méjì, propofol fún apá kan, sevoflurane fún apá kejì. Àwọn tí kídìnrín wọn fara gbọgbẹ́ kéré lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ propofol. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ọkàn ni, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ ọkàn ṣe. Iṣẹ́ abẹ ikùn kọ́. Ní àwọn iṣẹ́ abẹ mìíràn, àwọn kan rí ìyàtọ̀, àwọn kan ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá mú ìyẹn kọ "kídìnrín yín ò léwu" sí abẹ́ àwòrán obìnrin tó rẹ́rìn-ín ti gbé ọ̀rọ̀ kọjá ibi tí ìwádìí gbé e dé.

Ẹ ò sì ní rí èyí nínú ìpolówó: propofol a máa já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tì í wọnú iṣan báyìí, ẹ ó rí i lójú ẹ̀rọ, BP á sáré wálẹ̀, pàápàá lára ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀, tó tún lo lisinopril láàárọ̀. Gáàsì náà ń já a wálẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ oògùn oorun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni kídìnrín ń jẹ. Méjèèjì ò tóbi ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n nínú lítà márùn-ún tí ọkàn bá tì jáde, nǹkan bíi lítà kan ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Wọ́n ń sẹ́ omi tó tó lítà 180 lójoojúmọ́, wọ́n ń dá gbogbo rẹ̀ padà sára àyàfi ìwọ̀nba tí a ń tọ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá rọlẹ̀ jù fún àkókò gígùn, àwọn ni yóò kọ́kọ́ pebi. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ kí àárín ìfúnpá náà kọjá sísàlẹ̀ 65. Mo ti bá àwọn tó ń lo gáàsì lásán ṣiṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn mì, mo sì ti bá àwọn tí propofol wà lọ́wọ́ wọn ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ fóònù nígbà tó wà ní 50.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń ti propofol wọlé ń fẹ́ iná, tàbí bátìrì tó ṣì lágbára. Bí abẹ́rẹ́ bá yọ kúrò nínú iṣan lábẹ́ aṣọ tíátà, tí ẹnikẹ́ni ò rí i, oorun ti parí, aláìsàn ò sì lè pariwo nítorí oògùn mìíràn ti rọ iṣan ara rẹ̀. Mo ti rí ọjọ́ tí NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti dìde fún ìṣẹ́jú méjì, sevoflurane ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú agolo rẹ̀ tí kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mi ò ní kí ẹ fi òfin de dókítà sí oògùn kan. Ẹni tó ń kun ènìyàn lóorun ló mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó mọ ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un.

Ó ṣì ku nǹkan méjì kan tó ń ba kídìnrín jẹ́ lórí tábìlì yẹn tí kò bá oorun tan rárá. Ẹni tó wúwo tó bá fi ìdí àti ẹ̀yìn tẹ tábìlì fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, ẹran ìdí rẹ̀ lè fọ́ lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀. Èròjà tó tú jáde nínú ẹran náà ló ń di ìtọ̀ dúdú, òun ló sì ń dí àwọn ọ̀nà tín-ín-rín inú kídìnrín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CK ló ń tú u fó. Mo bèèrè fún un fún àbúrò mi, wọ́n ní lábù àwọn kì í ṣe é. Èkejì ni ohun tí ènìyàn ti ń mu kó tó dé. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó lọ sí ilé ìwòsàn amúnirù mu egbòogi kan tí wọ́n pò mọ́ oògùn wọn. Gbòǹgbò kan tó ní májèlé aristolochic acid ti wọ inú rẹ̀. Kídìnrín ọ̀pọ̀ wọn parí pátápátá, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1993. Mi ò sọ pé tíì Ìdúmọ̀tà ní ohun kan náà nínú. Mò ń sọ pé kò sẹ́ni tó bi àbúrò mi léèrè ohun tó ti ń mu, bẹ́ẹ̀ páálí mẹ́fà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Kò tíì tán. Èyí kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ tú àṣírí jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1. Ẹ̀yà rẹ̀ méjì, G1 àti G2, ń dáàbò boni lọ́wọ́ irú kòkòrò kan tó ń fa àìsàn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ewu àìsàn kídìnrín rẹ̀ ga ju ti ẹlòmíì lọ. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, rí i pé nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jogún méjì bẹ́ẹ̀. (Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ àìsàn oorun ni a wá gbé wọ inú yàrá oògùn oorun.) Àìsàn kídìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi kan jíìnì náà, wọn ò sọ pé iṣẹ́ abẹ ló ń jí i. Síbẹ̀, bí ènìyàn mẹ́wàá bá tẹ́ lórí tábìlì ní Lekki tàbí ní Ìkẹjà, kídìnrín àwọn kan nínú wọn lè ti máa rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka ìtọ̀ tí wọ́n sì ń ka ẹ̀jẹ̀, ìwádìí ọdún 2007 lórí àwọn 504 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù fún rí i pé kídìnrín 8.5% ló fara gbọgbẹ́. Lára ohun tó bá a rìn ni irú oògùn tí lisinopril wà nínú rẹ̀. Èló ni tiwa ní Èkó? Ẹni tí kò ka nǹkan kò lè sọ iye rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé ẹyọ àbúrò kan kì í ṣe ìwádìí. Òótọ́ ni. Mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí wọ́n bá fi sevoflurane kùn ún, nǹkan ìbá yàtọ̀ sí rere tàbí sí búburú. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ ni pé òùngbẹ wákàtí 18, oògùn méjì tí ẹnikẹ́ni ò dá dúró, diclofenac, àti àpò ìtọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà, kò sí èyí tí propofol lè tún ṣe nínú wọn.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò le. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá lọ sí ilé ìwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n máa ń wo jẹnẹrétọ̀, wọ́n máa ń wo ìwé ẹ̀rí dókítà, wọ́n máa ń wo ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ẹ ní kí wọ́n fa fáìlì márùn-ún jáde. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé creatinine wà kí wọ́n tó gé e? Ṣé òmíràn wà ní ọjọ́ kejì, láàárín wákàtí 48, kódà bí aláìsàn ti lọ sílé, kí wọ́n pè é padà wá? Ṣé ìtọ̀ wà ní nọ́ńbà, wákàtí sí wákàtí, àbí "ó tọ̀" ni wọ́n kọ? Bí kò bá sí, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé àbọ̀ àyẹ̀wò yín bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ bí atẹ́gùn ọ́síjìn bá tán nínú agolo.

Ẹ tún jẹ́ kí ìwé kan wà tí wọ́n á fún aláìsàn nílé ṣáájú, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fẹ́ kó dá dúró àti ọjọ́ tó máa dá a dúró, tó sọ aago tó lè mu omi mọ, tó sì bèèrè tíì, àgbo àti egbòogi láìfi í bú. Bí tíátà bá sì yẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí ẹnìkan dìde lọ fún ẹni tó ń dúró lómi, tàbí kí wọ́n so dírípù mọ́ ọn. Ìyẹn nìkan ò ná ilé ìwòsàn tó owó ìpolówó ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti ìpolówó náà, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Kì í ṣe nítorí pé irọ́ gbáà ni. Oògùn oorun kì í ṣe ọjà tí oníbàárà ń yàn bí ẹni ń yan aṣọ ní Balógun. Ẹni tó bá yan ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀ ti gbé ọkàn rẹ̀ síbi tí kò yẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà á sì gbé tiwọn síbẹ̀.

Àbúrò mi ti fi kílò 31 sílẹ̀ báyìí. Orúnkún rẹ̀ ti dákẹ́. Dókítà kídìnrín ní kó máa wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìgò omi kékeré kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bírò fa ìlà sí ara rẹ̀ kó lè mọ iye tó mu, ó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ kan nínú báàlùwẹ̀ tó ń kọ ìtọ̀ rẹ̀ sí. Mo ní ìyẹn kò pọn dandan mọ́. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ẹnìkan máa kọ ọ́ ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tíátà tó ti fẹ̀yìn tì,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.